Ọjọ́ Tí Mo Fi Òdo Ṣe Funfun

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀ kí n ròyìn nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Bajulaiye nígbà ìjọba ológun, nígbà tí bébà wọ́n débi pé gbogbo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àdúgbò wa dákẹ́. Ṣé ẹ rántí ìgbà yẹn?

Bàbá mi ló ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé ká gba kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan wò lọ́wọ́ Bọ̀dá Sàká tó ń tà á ní Fádèyí. Wọ́n gbà, àmọ́ ọkàn wọn ò sí níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé màá tipasẹ̀ kọ̀ǹpútà fi iṣẹ́ ìtẹ̀wé sílẹ̀, kí n gba ọ́fíìsì lọ ní Erékùṣù Èkó. Wọ́n ní kí Bọ̀dá Sàká wá gbé ẹrù ẹ̀ nírọ̀lẹ́ Jímọ̀, àfi tí mo bá fi ohun tó wúlò hàn wọ́n.

Mo ń kọ ètò kan sórí kọ̀ǹpútà náà tí yóò máa sọ bí a ṣe máa gé bébà tí kò fi ní ṣòfò. Ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ dúdú lórí búlúù, àwọn ọ̀rọ̀ àṣẹ bíi IF àti END nìkan ló pupa. Ojú Bàbá ò sì ríran dáadáa mọ́, búlúù yẹn ń yọ wọ́n lẹ́nu. Mo ní kí n sọ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ di funfun kó jọ bébà.

Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe àwọ̀ nínú fáìlì tí mo fẹ́ tún ṣe, láti òdo lọ sókè, kò sì sí àlàyé kankan. Mo ronú: kí ni funfun? Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ibi tí íǹkì ò dé ni funfun. Mo bá tẹ òdo.

Háà! Gbogbo ojú kọ̀ǹpútà ṣú. IF, THEN, END nìkan ló kù, tí wọ́n léfòó nínú òkùnkùn bí ẹyin iná. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lóde, òórùn íǹkì àti ilẹ̀ tútù gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ṣé ẹ máa gbà mí gbọ́ tí mo bá ní ó rẹwà? Mo jókòó, mo ń wò ó bí ẹni ń lálàá, kí àyà mi tó já. Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn gan-an la wà, iṣẹ́ mi sì ti pòórá.

Mo pa á, mo tún tàn án. Pàbó ló já sí. Mo wá fa àmì ìtọ́ka gba orí ìlà kan nínú òkùnkùn yẹn, bí ẹni fẹ́ dà á kọ síbòmíràn. Ìlà náà mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ mi sì yọjú! Gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀, dúdú lórí dúdú. Àṣé lójú kọ̀ǹpútà, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ò dé ni òdo.

Bàbá ti dúró lẹ́yìn mi. Wọ́n bi mí pé kí ló dé. Ìtìjú ń mú mi bí mo ṣe ń ṣàlàyé pé mo rò pé tí íǹkì ò bá ti sí, funfun ló kù. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ti rò pé mo ti fi iṣẹ́ ìtẹ̀wé sílẹ̀ lọ, àṣé orí atẹ̀wé ni mo ṣì fi ń ronú.

A jọ jókòó, mo ń tẹ nọ́ńbà, Bàbá ń pe àwọ̀ bó ṣe ń yọ, títí funfun fi dé. Wọ́n ka ètò náà látòkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí Bọ̀dá Sàká wọlé, wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní kó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ọmọ àwọn ń fi ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ilé wa.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé tí nǹkan bá pòórá mọ́ yín lójú, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ẹ̀ ná. Ẹ̀yin ńkọ́? Àṣìṣe wo lẹ ti ṣe rí tó jẹ́ pé òun ló jẹ́ kí àwọn ará ilé yín mọ̀ pé ẹ ò tíì fi wọ́n sílẹ̀ lọ? Mo fẹ́ gbọ́ tiyín.