Ikun Àpáta

Èmi nìkan ni ihò àpáta yẹn gbà. Ohun tó dè mí mọ́ ilé ọkọ mi lórí òkè Dasà nìyẹn, nígbà tí òmìnira ilẹ̀ wa ṣì tuntun. Inú àpáta kan tó là díẹ̀ ni omi tí gbogbo agboolé ń mu ti ń sun. Nǹkan pupa kan tó ń yọ̀, tó ń fà bí ọbẹ̀ ilá, a sì máa dí ojú ìsun náà. Ikun àpáta là ń pè é. Bí omi bá ti ń kán tó-tó-tó, wọ́n á ránṣẹ́ pe ìyàwó tín-ín-rín. Màá fi ẹ̀gbẹ́ wọlé, màá fi àfọ́kù igbá há a kúrò. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, ó ti tún dí. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó máa dí, n kò sì lè lọ sùn lọ́dọ̀ ìyá mi fún ọjọ́ méjì pàápàá.

Ní ọdún kẹta tí mo délé ọkọ, mo há a tán, omi yọ, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ jáde, àpáta fún mi níkùn. Mo tì, mo fà. Omi tutù ń ṣàn lé mi lẹ́sẹ̀, èémí mi kò délẹ̀ mọ́.

Ìyá ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ihò. "Ìyàwó, kí ló dé?"

"Ìyá, n kò lè jáde."

"Àbí o ti lóyún ni?"

Oṣù kẹrin ni. Ọkọ mi pàápàá kò tíì mọ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

Ó kígbe pé kí wọ́n gbé epo pupa wá. Ó na ọwọ́ wọlé, ó ń dà á sáàárín ara mi àti òkúta. "Má jà. Mí jáde, kí o rọra yí." Ẹ̀yìn mi bó, ṣùgbọ́n mo jáde. Oyún náà kò bàjẹ́.

N kò wọ ibẹ̀ mọ́, omi sì dí pátápátá. Ọkùnrin kan tó ń wá ibi tí ìjọba máa gbẹ́ kànga sí wá gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Ó fi ìka kan ikun náà, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní àwọn ohun abẹ̀mí ló wà nínú rẹ̀, wọ́n kéré débi pé ojú kò rí wọn. Irin inú omi ni wọ́n ń jẹ, ikun tí wọ́n ń ṣe ló ń dí ọ̀nà omi.

"Ṣé a lè pa wọ́n?" ni ìyá ọkọ mi bi í.

"Ẹ lè fi Javẹli tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun fọ ibẹ̀, Ìyá, ṣùgbọ́n wọ́n á padà wá. Ẹ kúkú fẹ ẹnu ihò náà, kí ẹnikẹ́ni lè máa wọ̀ ọ́."

Ọkọ mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ dáná sí ẹnu àpáta, wọ́n da omi lé e, wọ́n fi òòlù fọ́ ọ. Ọjọ́ méjì péré ni ó gbà wọ́n, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí mo fi ń wọ ibẹ̀. Mo jókòó sábẹ́ igi emi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, mo ń wò wọ́n. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín sí mi, òógùn bò ó lójú. N kò lè rẹ́rìn-ín padà.