Mo Gba Ayálégbé Sílé Tí Oórì Ọkọ Mi Wà

Orúnkún ni ó lé mi kúrò nílé mi, kì í ṣe ènìyàn. Ilé tí èmi àti ọkọ mi kọ́ sí Ẹ̀fọ̀n, orí òkè ni ó wà. Àtẹ̀gùn méjìlélógún ni a ó gùn kí a tó kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo ń ṣe tíṣà, mo máa ń ru iṣu gùn ún láìmí gúlegúle. Nígbà tí ọkọ mi fi kú, tí mo sì ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ń sinmi kí n tó dókè.

Ọmọ mi ní kí n máa bọ̀ ní Ìbàdàn, kí a ti ilé pa. Kí a ti ilé pa kẹ̀? Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ilé tí opó bá tì pa. Kí ọdún tó yípo, ẹbí ọkọ á ti já àgádágodo, wọ́n á ní ilé àwọn ni. Èmi yìí ni mo ru omi tí wọ́n fi po símẹ́ǹtì ilé yẹn, pẹ̀lú oyún oṣù méje nínú. Ẹnikẹ́ni ò ní gbà á lọ́wọ́ mi láéláé! Mo pinnu pé n ó kó lọ sí yàrá méjì tí a kọ́ sísàlẹ̀ létí títì, n ó sì gba ayálégbé sókè.

Àbúrò ọkọ mi, tí í ṣe olórí ẹbí, gbọ́, wọ́n sì ránṣẹ́ pè mí.

"Ìyàwó," mo ti di ìyá àgbà, ìyàwó ni wọ́n ṣì ń pè mí, "ẹ̀gbọ́n mi sùn síwájú ulé yẹn. Ṣé àlejò ni yóò máa tẹ orí wọn mọ́lẹ̀? Mi ò gbà!"

Mo kúnlẹ̀ o, torí ọkọ ni wọ́n jẹ́ fún mi. Orí ìkúnlẹ̀ náà ni mo ti fèsì: "Ẹ má bínú, ọkọ mi. Mo ti rí ayálégbé." Irọ́ ni. N kò tíì rí ẹnì kankan. Kí Ọlọ́run forí jì mí.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo wá a rí: nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n gbé láti Ìjerò wá sí Ẹ̀fọ̀n. Ìdí oórì ni mo kọ́kọ́ mú un lọ. Mo ní, "Ọkọ mi nìyí. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, tètè sọ."

Ó ní, "Màmá, àwọn alààyè ló ń yọ mí lẹ́nu níbi iṣẹ́. Ṣé omi wà?" Mo rẹ́rìn-ín títí. Ó kó dé.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo gbọ́ ariwo lókè. Mo fi ọ̀pá gun àtẹ̀gùn. Olórí ẹbí ló wá láìsọ fún mi, tí wọ́n bá nọ́ọ̀sì tó jókòó sórí oórì, tó ń bó ẹ̀gúsí. "Dìde! Dìde lórí ẹ̀gbọ́n mi! Kó ẹrù rẹ lónìí!" Wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Mo ní, "Ọkọ mi, láti ọjọ́ tí a ti sin ẹ̀gbọ́n yín, ọdún mẹ́rin rèé, ẹ ò gun àtẹ̀gùn yìí rí. Ọmọ tí ẹ ń lé yìí ló ń gbá ojú oórì wọn láràárọ̀. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni àlejò?"

Wọ́n wá àga tí wọn yóò fi sinmi yíká, kò sí. Ni wọ́n bá rọra jókòó sórí oórì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá ẹ̀gúsí, wọ́n sì bú sẹ́kún.

Mo jẹ́ kí wọ́n sunkún tẹ́rùn. Nígbà tí wọ́n nu ojú tán, mo ní, "Ayálégbé mi ò kó lọ síbì kankan."