Pèrègún Tí Mo Fi Ṣeré

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Adó, ìdí mi kì í balẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n jókòó ti ìkòkò ẹ̀bìrìpò, kó tó hó, mo ti dé ẹ̀yìnkùlé. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, a ní, "Ọmọ yìí, ṣé èèrà ló wà ní ìdí rẹ ni?" Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí wọ́n ti fi omorogùn kàn lórí rí, ẹ mọ irú ọmọ tí mò ń wí.

Ẹ̀yìnkùlé yẹn la fi bá ilé Bàbá Ràbí, ahunṣọ, pààlà. Mùsùlùmí ni, ohùn àdúrà rẹ̀ ló ń jí wa láàárọ̀. Kò sí ògiri láàárín wa, àfi pèrègún mẹ́ta tí àwọn bàbá wa gbìn. Ní ìhà tiwa, igi obì kan wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ri ìwọ́ bàbá mi mọ́ ni Ìyá Àgbà gbìn ín sí. Bàbá mi kú kí n tó gbọ́n, òun nìkan sì ni Ìyá Àgbà bí tó yè. Láràárọ̀, ó ní láti fọwọ́ kan igi náà kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ kan, iná jó àtíbàbà tí Bàbá Ràbí ti ń hunṣọ, ó sì jó àwọn pèrègún náà mọ́lẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni èmi àti Ràbí ọmọ rẹ̀ ń ṣe ulé-ulé, eré ilé kíkọ́, lábẹ́ obì. Mo gé ọ̀pá pèrègún mẹ́rin lọ́nà odò, mo rì wọ́n mọ́lẹ̀ fún òpó, láàárín igi obì àti ilé wa, a wá fi ewé kókò bo orí wọn. Ewúrẹ́ wó ilé wa lọ́jọ́ kejì. Ọ̀pá kan ṣoṣo ló dúró. Ẹ sì mọ pèrègún: bí ẹ bá ti rì í mọ́lẹ̀, ó di igi nìyẹn. Èmi ti gbàgbé rẹ̀.

Ọdún méjì kọjá, Bàbá Ràbí fẹ́ kọ́ ilé tuntun, onípáànù. Ó wá ààlà lọ, pèrègún mi ló rí. Igi obì ti wá bọ́ sí ilẹ̀ tirẹ̀. Kì í ṣe ọ̀kánjúwà, ó pe àwọn àgbà àdúgbò, wọ́n wò ó, wọ́n ní pèrègún kì í ṣàdédé hù, ẹnìkan ló gbìn ín. Ojú Ìyá Àgbà ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà. Ó táràrà dé ìdí pèrègún, ó fọwọ́ pa ewé rẹ̀. Ó wá ní, "Bóyá èmi ni mo gbàgbé. Ààlà tí àwọn bàbá fi lélẹ̀, n kò lè yẹ̀ ẹ́." Wọ́n fún un ní ọjọ́ márùn-ún kó fi ká obì tó wà lórí igi náà kí wọ́n tó gé e.

Ìyá Àgbà ti máa ń sọ fún wa pé ẹni tó bá yẹ ààlà, ilẹ̀ á mú un. Ní gbogbo ọjọ́ márùn-ún yẹn, mo máa ń dìde, màá jókòó, màá tún dìde. Ràbí ní, "Bó o bá sọ, wọ́n á nà wá kú." Èmi náà dákẹ́. Ojú ń tì mí títí di òní.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Bàbá Ràbí gbé àáké, ó ní "Bísímílááhì," ó ṣá igi náà lẹ́ẹ̀kan. Ìyá Àgbà kò sunkún. Ó kàn tú gèlè rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. N kò mọ ìgbà tí mo sáré débẹ̀. Mo di pèrègún náà mú, mo hú u, mo ní, "Òpó ilé wa ni. Èmi ni mo rì í." Ràbí kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ké.

Bàbá Ràbí wo gbòǹgbò tó wà lọ́wọ́ mi, kò jinlẹ̀ rárá. Ó fi àáké sílẹ̀, ó mú ọkọ́, ó ń wa ilẹ̀ kiri títí ó fi rí kùkùté pèrègún àtijọ́ lábẹ́ eérú, ní ìhà tirẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ní, "Dìde, ọmọ mi. Ta ni kò ní gba pèrègún gbọ́?" Èmi ni kò ní kí n dìde. Ó nà mí, ó ní òun kò nà mí nítorí òpó, nítorí ọjọ́ márùn-ún tí mo fi dákẹ́ ni.

Láyé òde òní, òpó sìmẹ́ǹtì ni àwọn sọ́fíyọ̀ tó ń wọn ilẹ̀ ń rì sí ààlà, kò sì lè hù. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi gé igi obì yẹn kó lè rí ibi gbé mọ́tò rẹ̀ sí. Kò pe àgbà kankan, kò bi èmi náà. Ilẹ̀ wa ni, kò sí ẹni tó lè bá a ṣẹjọ́. Nígbà tí mo gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tí mo fi jáde, igi ti wà nílẹ̀. Mo wá ojú ọgbẹ́ àáké Bàbá Ràbí lára rẹ̀, mo rí i. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wò káàkiri, n kò rí nǹkan kan tí mo lè hú.