Ìgò Omi Tí Mo Gbé Sẹ́bàá Pẹpẹ

Télọ̀ ni mí ní Àjàngbádì, aṣọ funfun ìjọ wa ni mo sì ń rán jù. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ pé n ó di ẹni tó ń fi ìgò bu omi odò lóṣooṣù kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò ní yunifásítì, ẹ̀rín ni ǹ bá fi onítọ̀hún rín. Ìbínú ló gbé mi débẹ̀. Odò kékeré kan ń ti Ìbà bọ̀, ó gba ẹ̀yìn Okokomáíkò kọjá sọ́dọ̀ wa, kó tó lọ wọ ọ̀sà ní Ọ̀jọ́. Ibẹ̀ ni ìjọ wa ti máa ń wẹ̀ lẹ́yìn àdúrà. Lọ́jọ́ kan mo bọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun tí mo fọwọ́ ara mi rán, nígbà tí mo sì jáde, òróró ẹ̀ńjìnnì ti fi àmì dúdú yí etí aṣọ náà po. Mo pariwo lọ́jọ́ náà débi pé àwọn tó wà lójú títì yà wá wò ó bóyá ẹnìkan ló rì sódò.

Ariwo yẹn ló kó wa jọ. Ẹgbẹ́ onílé wá, wọ́n ní kànga àwọn ti ń rùn. Àwọn apẹja wá láti etí ọ̀sà, wọ́n ní inú odò wa ni ẹja àrọ̀ ń gòkè wá yé ẹyin sí nígbà òjò, bí odò bá sì bàjẹ́, àwọ̀n àwọn á máa jáde lófìfo. Àwọn mẹkáníìkì náà wá, wọ́n rọra jókòó sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n pè sí kóòtù. Obìnrin kan tó ń kọ́ni nípa omi ní yunifásítì ló sọ fún wa pé ariwo kì í ṣe ẹ̀rí, pé ká máa wọn omi náà lóṣooṣù, ká sì máa kọ ohun tá a bá rí sílẹ̀. Kò tó oṣù mẹ́ta tí àwọn mẹkáníìkì fi gbé dúrọ́ọ̀mù kalẹ̀ tí wọ́n ń gba òróró wọn sí. Àmì dúdú yẹn sì dẹ́kun lára aṣọ wa.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, ẹ má jẹ́ n purọ́. Lẹ́yìn ìránṣọ, kò sí ohun tó ń fún mi láyọ̀ tó o. Ìpàdé wa ń wáyé lábẹ́ igi máńgòrò tó wà nínú ọgbà ìjọ wa. Àwọn apẹja á gbé ẹja yíyan wá, ẹgbẹ́ onílé á gbé àríyànjiyàn wá, a ó sì jẹ méjèèjì tán kó tó di pé a pínyà.

Ìgò mẹ́ta la máa ń bu. Àwọn onílé ń bu tiwọn lábẹ́ afárá ní Ìbà, àwọn apẹja ń bu tiwọn níbi tí odò ti wọ ọ̀sà, èmi sì ń bu tèmi lẹ́yìn ọgbà ìjọ wa, lẹ́bàá oko ẹ̀fọ́ kan. Olùkọ́ yẹn ló kọ́ wa bí a ṣe ń ṣe é: kí a fi omi odò náà gan-an ṣan ìgò lẹ́ẹ̀mẹta, kí a kọjú síbi tí omi ti ń bọ̀, kí a dé e dáadáa, kí a sì kọ orúkọ ibi tí a ti bù ú sí i lára. Obìnrin Ẹ̀gùn kan láti apá Ìjàníkin ló ń dá oko ẹ̀fọ́ yẹn. Opó ni, ọmọ mẹ́ta ló sì ń fi ebè ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, gbúre àti ugú rẹ̀ tọ́. Omi odò ló ń bù láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ láti fi bomi rin ín. Gbogbo wa ń pè é ní Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, nítorí náà ohun tí mo máa ń kọ sára ìgò mi nìyẹn: Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́.

Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ kan, mo bu omi tèmi lọ́jọ́ Sátidé gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Olùkọ́ yẹn pè mí pé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ká òun mọ́, pé ọjọ́ Ajé lòun máa tó lè yà wá gbé e, kí n fi í síbi tó bá tutù. Kò síbi tó tutù ní agbègbè wa tó ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ ìjọ wa. Mo gbé ìgò náà síbẹ̀, mo sì lọ sílé lọ jẹun.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún pè mí.

"Màmá, ìgò tiyín níyọ̀ gan-an. Ó tiẹ̀ níyọ̀ ju ti etí ọ̀sà lọ, ọ̀rọ̀ yẹn ò sì yé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un bù ká tó sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ó bẹ̀ mí o. Ṣùgbọ́n èmi, bí wọ́n bá ti ní kí n dúró, ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Kò sí ohun tí àwọn ará àdúgbò wa ń bẹ̀rù tó kí omi ọ̀sà gòkè wá wọ kànga wọn. Mo mú fóònù, mo sì kọ ọ́ sórí Wasáàpù ìjọ, ti onílé, ti àdúgbò: "Iyọ̀ ti wọ odò wa. Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀fọ́ etí odò." Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti dé Okokomáíkò, ó sì ti padà sọ́dọ̀ mi láti ọwọ́ ẹni tí n kò mọ̀ rí.

Àwọn oníbàárà sá fún Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó mú ewé ṣọkọ kan dání, ó sì tẹ́ ẹ sórí aṣọ tí mo ń gé.

"Màmá, ẹ wò ó. Bí omi bá níyọ̀, etí ewé ló máa kọ́kọ́ jó. Ṣé ó jó?"

Kò jó. Ewé náà tutù yọ̀yọ̀. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì.

"Ìwé yunifásítì ló sọ bẹ́ẹ̀," ni mo dá a lóhùn, "kì í ṣe èmi."

Ó mú ewé rẹ̀, ó lọ. Mo padà sídìí ẹ̀rọ mi. Ká má parọ́, inú mi tiẹ̀ ń dùn lábẹ́lẹ̀, nítorí pé gbogbo àdúgbò ló ń wá bi mí léèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni pé èmi ni kọmíṣánnà omi. Èmi náà ò sì ra ẹ̀fọ́ rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wòlíì ìjọ wa dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn.

"Màmá, ara ìyá yẹn ńkọ́?"

"Ìyá wo, Bàbá?"

"Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́. Ẹni tí wọ́n gbé omi ẹ̀ sẹ́bàá pẹpẹ lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Mo rí orúkọ lára ìgò. Mo gbàdúrà sí i dáadáa, mo bu iyọ̀ sí i, ṣíbí méjì gbáko, kí ayé ẹ̀ lè dùn. Nígbà tí mo máa fi dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n ti gbé e lọ. Mo ní ó ti ń mu ún nìyẹn."

Mo fẹ́ bínú sí i, mi ò rí ibi tí mo lè gbá mú. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ìgò omi tí orúkọ wà lára rẹ̀, tí wọ́n gbé sẹ́bàá pẹpẹ, omi àdúrà ni. Bí mo bá rí i níbẹ̀, èmi náà á ṣe àmín sí i. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mò ń wá ẹni tí n ó dá lẹ́bi. Kò sẹ́nìkan níbẹ̀ àfi èmi. Ojú tì mí gidigidi.

Mo jẹ́wọ́ nípàdé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá àgbà tó jẹ́ olórí àwọn apẹja rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀, ó ní kò burú, ó kéré tán àwọn ẹja àwọn ti gba àdúrà. Olùkọ́ yẹn náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ wò mí fún ìgbà díẹ̀ ná. A tún omi bù, gbogbo wa lọ síbẹ̀ pọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbé e lọ. Kò sí iyọ̀ kankan nínú rẹ̀. Mo ya fọ́tò ìwé èsì náà, mo sì gbé e sórí gbogbo Wasáàpù tí mo ti kọ́kọ́ kọ̀wé sí.

Àmọ́ ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ ni gbogbo ènìyàn ti fi ránṣẹ́ síra wọn. Ọ̀rọ̀ pé kò síyọ̀, kò sẹ́ni tó rí i rò. Nígbà tí mo wá lọ sóko náà láti lọ bẹ Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, mo rí i pé tẹ̀tẹ̀ rẹ̀ ti gbó, ó ti yọ òdòdó, ó ti ń so èso. Ìyá náà ti fa ti ebè mẹ́rin tu dànù. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo dàgbà jù ú lọ.

"Ẹ dìde, Màmá," ló wí. "Mo ti gbọ́. Ẹ bá mi gbé garawa yẹn."

A jọ ń bomi rin ugú tó kù nígbà tí ọ̀kadà kan dúró létí oko. Ìyá Ìbò kan tó ní ilé oúnjẹ ní Okokomáíkò ló sọ̀ kalẹ̀. Òun ló máa ń ra ìdajì ugú oko yẹn tẹ́lẹ̀. Kò wọnú oko wá.

"Abeg, omi yìí ńkọ́? Wọ́n ní salt wà nínú ẹ̀."

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ gbé garawa tiẹ̀ sílẹ̀. Ó yíjú sí mi. Mo ki ọwọ́ bọ àpò láti yọ ìwé èsì jáde, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti ń mi orí.

"Ìwé? Mo ti rí ìwé lórí phone. Ìwé pọ̀ níbẹ̀."

Bí mo ṣe dá ọwọ́ padà nìyẹn. Ọlọ́kadà ń wò mí.

"Kò sí iyọ̀ nínú omi yìí," ni mo wí. "Èmi ni mo gbé ìgò síbi tí kò yẹ, tí iyọ̀ fi bọ́ sínú ẹ̀. Wọ́n ní kí n ní sùúrù, mi ò ní in, mo sì gbé e sórí fóònù. Obìnrin yìí mú ewé wá fi hàn mí, mo rí i pé òótọ́ ló ń sọ, mo sì lé e lọ. Ẹ̀bi mi ni."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"So na you," ló wí. Lẹ́yìn náà ó wọnú oko, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yẹ ewé ugú wò lábẹ́ àti lókè. Ó ní kí Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ gé ìdì mẹ́wàá fún òun.

Nígbà tí ọ̀kadà ti gbé e lọ, Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ gé ìdì kan sí i, ó dì í, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún un yẹn, Màmá," ló wí, "ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó kù. Ẹ má fi fóònù sọ ọ́."

Mo gbọn omi kúrò lára ìró mi, mo gbé ẹ̀fọ́ náà dání kí gbogbo ènìyàn lè rí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ilé tó sún mọ́ odò jù.