Sàráà Tí Mo Fi Ìkánjú Ṣe

Mo ti ṣe sàráà fún ìwòsàn tí dókítà ò tíì fọwọ́ sí.

Àbúrò mi, Ràmátù, ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ó fẹ́ bímọ, oògùn rẹ̀ ò sì bá oyún ṣe. Láyé Rẹfolúsíọ̀n, nígbà tí àwọn sójà gba ìjọba, la bí i. Ogójì ọdún rẹ̀ ti fẹ́ pé.

Láàárọ̀ yìí mo ní: "Dókítà, àrùn ò hàn nínú ẹ̀jẹ̀ mọ́. Kí la tún ń dúró dè?"

"Màmá, àwọn ọmọ ogun ara tó ń bá àrùn jà ló máa pa ìyókù tó fara pa mọ́. Oògùn yìí ló ń jí wọn díẹ̀díẹ̀. Ti Ràmátù ò tíì pọ̀ tó. Tá a bá dá oògùn dúró torí oyún, àrùn lè padà."

Ràmátù kọjú sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo àdúgbò Zongo ti jẹ ìrẹsì ọpẹ́ tẹ́ ẹ fi ṣe sàráà. Tí wọ́n bá bi mí pé oyún dà, kí ni kí n wí?"



Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ ìrẹsì náà, ẹ bá mi dá a lóhùn.