Ìwé Ẹ̀rí Mahamat

Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká ríjà olóòótọ́! Ọbayẹmí, ọmọ Kàbbà, akọ̀wé ọ́fíìsì ogúnléndé kan ní Gárkì, kì í gba ẹ̀gúnjẹ. Ìwé tó pé nìkan ló ń gbà. Lọ́dún 1988, Mahamat sá dé láti Chad, ó ní àwọn ológun kan fẹ́ pa òun.

"Ẹ padà lọ gbàwé ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn pé wọ́n fẹ́ pa yín," ni Ọbayẹmí wí, "kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Èmi náà, kánsù Kàbbà ló fún mi níwèé ọmọ ìbílẹ̀ kí n tó ríṣẹ́."

Mahamat padà lọ. Lóṣù kẹta, ìyàwó rẹ̀ gbé ìwé ikú rẹ̀ wá, òǹtẹ̀ mẹ́ta gbàǹgbà lórí ìwé náà.

Inú Ọbayẹmí dùn dénú. "Ìwé ti pé wàyí, màdáàmù! Ó ku kí ọkọ yín wá buwọ́ lù ú fúnra wọn."