Ojú Ẹ̀gbọ́n Mi Nínú Fíìmù

Bàbá mi ò gbà pé ẹni tó bá ti ya fọ́tò lè sọnù. Ayafọ́tò ni wọ́n ní Ṣábẹ̀ẹ́, ṣọ́ọ̀bù wọn ò jìnnà sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, kò sì sí ẹni tí wọ́n yà rí tí fíìmù rẹ̀ kò sí nílé wa. Inú agolo bísíkíìtì ni wọ́n ń kó wọn sí, wọ́n á fi ìwé pélébé wé ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fi ìrẹsì yíyan sínú àpò aṣọ kékeré sísàlẹ̀ agolo kí ó máa fa ọ̀rinrin. Èmi ni mo ń yan ìrẹsì náà. Láti ìgbà tí mo ti fi lekọ́ọ̀lù, ilé ìwé Faransé, sílẹ̀, iṣẹ́ mi ni kí n fọ fọ́tò, kí n sá fíìmù, kí n sì fi àkísà tó rọ̀ nu eruku ọyẹ́ kúrò lára wọn. Àwọn àgbà tó kú kí wọ́n tó bí mi, ìyàwó ojú ọ̀nà tó ti di ìyá àgbà, òṣìṣẹ́ ojú irin tó gbé àyà síwájú bí ẹni pé òun ló ni ọkọ̀, gbogbo wọn ni mo mọ̀ lójú. Bàbá mi a máa sọ pé ooru, omi àti ìka ìdọ̀tí ni ọ̀tá fíìmù. Wọn ò tíì ka ìjọba mọ́ ọn nígbà náà.

Ìgbà Àyípadà la wà. Àwọn ológun ló ń ṣèjọba, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà, kamaráàdì la sì ń pe ara wa, títí kan àwọn tí a ò lè fẹ́ rí lójú. Bí o bá rẹ́rìn-ín, wọ́n lè bi ọ́ pé kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Bí o bá dákẹ́, wọ́n lè bi ọ́ pé kí lò ń rò. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tíṣà ni, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ Àyípadà lọ níbi ìpàdé kan, ó dìde, ó ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwọn kan pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń ṣọ́ àwọn tó pàtẹ́wọ́. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ẹ̀gbọ́n mi ti gba ọ̀nà oko sọdá sí Nàìjíríà.

Kí ó tó lọ, ó yọ fọ́tò rẹ̀ lára ògiri pálọ̀, ó fi sínú ẹ̀wù, ó ní ojú òun ń bá òun lọ. Àwọn ẹbí tó ní fọ́tò rẹ̀ náà ò fi í falẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ọ̀kpàrà ju tiwọn sódò, wọ́n ní omi ló gbé e lọ, àwọn kọ́ làwọn sọ ọmọ nù. Àbúrò ìyá mi ní Bóní ní ikán ti jẹ tòun. Ikán yẹn mọ òṣèlú gan-an ni. Bí ó ṣe di pé kò sí ojú ẹ̀gbọ́n mi níbi kankan mọ́ nìyẹn, àfi nínú fíìmù kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ bàbá mi.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ojú irin wá ta wọ́n lólobó. Ó ní àwọn jàndáámù, ọlọ́pàá ológun tí wọ́n rán wá láti Kútọnù, ò mọ ẹ̀gbọ́n mi lójú, fọ́tò rẹ̀ ni wọ́n ń wá kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ kiri gbogbo ẹnubodè, wọ́n sì ti gbọ́ pé ayafọ́tò kì í da fíìmù nù. Bí wọ́n bá rí ojú yẹn, bí ẹ̀gbọ́n mi bá fẹ́ yọ́ wálé wò wá, ọwọ́ wọn ni yóò bọ́ sí.

Bàbá mi mú fíìmù náà jáde, wọ́n mú ìṣáná. Wọ́n ṣá ìṣáná náà, wọ́n ń wo iná rẹ̀ títí ó fi jó dé ìka wọn, wọn ò fi kan fíìmù náà. Lọ́dọ̀ wa, ẹnikẹ́ni kì í sun fọ́tò ẹni tó wà láàyè, bí ẹni tó pa á ni. Àní obìnrin tó bá tìbínú kúrò nílé ọkọ, yóò fi sísọ́ọ̀sì gé ara rẹ̀ kúrò nínú fọ́tò ìgbéyàwó, yóò sì fi ọkọ sílẹ̀ lódindi. Ìyá mi wọlé bá wa, ó gba fíìmù náà lọ́wọ́ bàbá mi.

Ó ní, "Ọmọ mi ò tíì kú. Wọn ò ní sun ojú rẹ̀ nínú ilé yìí."

Bàbá mi béèrè ibi tó fẹ́ fi í sí.

"Ohun tí ẹ ò bá mọ̀, ẹgba ò lè gbà á lẹ́nu yín."

Kò sọ fún èmi náà.

Nígbà tí àwọn jàndáámù dé, oòrùn ti mú, gbogbo àdúgbò sì rí wọn. Wọn ò pariwo, wọn ò na ẹnikẹ́ni. Wọ́n kí wa, wọ́n ní ká má bínú, kamaráàdì. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù, nítorí ẹni tó ń pariwo, o mọ ohun tó ń bínú sí. Wọ́n kó gbogbo agolo síta, wọ́n ń na fíìmù sókè sí oòrùn, wọ́n ń bi bàbá mi pé ta nìyí, ta nìyí. Nínú fíìmù, ẹni dúdú a máa funfun, eyín a sì dúdú, gbogbo ènìyàn a wá jọ iwin lójú ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn ju fíìmù ìyàwó kan sílẹ̀ bí ẹni pé ó jó o lọ́wọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, ǹ bá ti rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá wọn wá yà sí ilé ìdáná. Ìyá mi ń se iṣu, èmi ń bó èyí tó kù. Ọkùnrin náà tú igi wò, ó wo ẹ̀yìn ààrò, ó wá ń bọ̀ síbi ìkòkò gàrí. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, ó ti igi tútù sínú iná, èéfín sì gba gbogbo ilé ìdáná. Ọ̀gá náà ń wúkọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó fọwọ́ bo imú, ó jáde. Ìyá mi dìde, ó fi etí aṣọ nu ojú. Mo rò pé inú gàrí ni fíìmù náà wà, mi ò sì bi í.

Wọ́n kó àwọn agolo lọ, wọ́n mú bàbá mi lọ pẹ̀lú. Bàbá mi padà wálé lẹ́yìn ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, wọn ò sì sọ ohun tí ojú wọn rí fún wa títí wọ́n fi kú. Àwọn agolo ò padà mọ́. Láti ìgbà náà, iná ò kú ní ilé ìdáná wa. Bí ìyá mi bá gbúròó mọ́tò tí kò mọ̀, igi ni yóò tì sínú iná. Ó ń dáná nígbà tí kò sẹ́ni tí ebi ń pa. A kì í pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sókè, àní nínú àdúrà, bí ẹnì kan bá sì kanlẹ̀kùn, n ó ti sá lọ sí ilé ìdáná kí n tó mọ ẹni tó jẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Obìnrin oníṣòwò kan tó máa ń ná ọjà Ṣakí ló mú ìròyìn wá. Ibà ló pa ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti sin ín síbẹ̀. Ìyá mi ò sunkún. Ó ní kí á ṣètò àga àti aṣọ funfun, fọ́tò rẹ̀ ni a ó gbé síbẹ̀, nítorí ẹni tó kú sí àjò, tí kò ní sàréè nílé, tí kò ní fọ́tò, kí ni àwọn èèyàn yóò máa wò tí wọ́n bá wá kí wa?

Ó gun àpótí, ó nawọ́ sókè àjà tó wà lórí iná, ó fa agolo mílíìkì kan yọ láàárín ṣírí àgbàdo tí a fi pamọ́ fún irúgbìn. Ọmọ àgbẹ̀ Sàkín ni ìyá mi. Lọ́dọ̀ wọn, ohun tí èèyàn ò bá fẹ́ pàdánù, òkè iná ni wọ́n ń gbé e sí, kí èéfín lè lé kòkòrò fún un títí di ìgbà gbígbìn. Ó ti wé fíìmù náà dáadáa. Kòkòrò ò fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá mi tú u, ó ti ká kò bí ewé gbígbẹ, ooru iná sì ti jẹ́ kí ohun tó wà lára rẹ̀ yọ́ ṣàn. Níbi tó yẹ kí ojú wà, àbàwọ́n pupa rúsúrúsú ló wà níbẹ̀. Bàbá mi nà án sí oòrùn, wọ́n ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, bóyá etí kan, bóyá ìgbátí fìlà kan, yóò ṣì wà níbẹ̀.

Ìyá mi wò wọ́n, ó wo iná.

"Èmi ni mo sun ún," ó wí.

Ó jókòó sílẹ̀, ẹkún sì bẹ̀rẹ̀. N kò mọ ẹkún èwo nínú ikú méjèèjì ló ń sun.

Bàbá mi wá pè mí. Wọ́n ní bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìya fọ́tò, ẹnì kejì ni àwọn ayafọ́tò máa ń yà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìyá wọn á gbé e kọ́, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè pé èwo ló kú. Wọ́n ní ojú kan náà ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi gbé wáyé. Mo ní a kì í ṣe ìbejì, mo ní obìnrin ni mí, mo sì ní mo wà láàyè.

"Bàbá, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Jókòó."

Ìyá mi fi gèlè di àyà mi pẹlẹbẹ, ó yọ yẹtí mi, ó fi dànṣíkí àti fìlà ẹ̀gbọ́n mi wọ̀ mí. Òórùn rẹ̀ ṣì wà lára wọn. Bàbá mi ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú, n kò rí ojú wọn mọ́, ihò kámẹ́rà nìkan ló ń wò mí. Mo ń tẹ́tí sí ọ̀nà pé kí mọ́tò má lọ dúró síta, nítorí ṣíṣọ̀fọ̀ ẹni tí ìjọba ń wá kì í ṣe ohun tí wọn yóò fojú fò. Mo sì ń rò ó pé bí wọ́n bá fi ojú mi ṣe òkú, ṣé ikú yóò mọ ìyàtọ̀? Èmi náà ni mo fọ fọ́tò ọ̀hún. Ẹ̀gbọ́n mi yọ díẹ̀díẹ̀ láti inú omi, ó ranjú mọ́ mi.

Àwọn tó wá kí wa ò pọ̀, wọ́n ń rọra wọlé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ìyàwó àgbà kan nínú ẹbí bàbá mi dúró níwájú fọ́tò náà, ó ń nu ojú.

Ó ní, "Òun gan-an rèé. Ẹ wo ẹyinjú rẹ̀. Ẹ̀rù ti ń bà á lọ́jọ́ tí wọ́n yà á."

Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú lábẹ́ aṣọ, ó fún un pinpin. Obìnrin àgbà náà kọjú sí mi, ó ń retí kí èmi tí mo jẹ́ àbúrò rẹ̀ sọ nǹkan.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá àgbà. Ẹ̀rù bà á gan-an."